Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Dán

Ọdún kejìlélógún rèé tí Tauri Kurttila ti ń fi katakata kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gba etí odò lọ sí afárá ní ìlú Oulu, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kò mọṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà rẹ̀, ẹ sọ pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Á kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ ò sì ní lọ sílé bọ̀rọ̀.

Àlàyé rẹ̀ ni pé kò yẹ kéèyàn fá yìnyín tán lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ló máa ń rò pé tí ọ̀dà bá ti hàn, ọ̀nà ti dáa nìyẹn. Ìpele yìnyín fẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, kó le, kí abẹ eléyín tó wà lára katakata sì fa ìlà tín-tìn-tín sí i lára, kí taya lè rí nǹkan dì mú. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sí i, tí otútù bá sì mú dáadáa, èèyàn á máa gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kó tó di aago méje òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parí, torí ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn máa ń tú jáde: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ọmọ iléèwé, àtàwọn àgbà.

Lára àwọn àgbà náà ni Irja Haapakoski, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé oògùn kó má jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà, ṣùgbọ́n tó bá ti wà lórí kẹ̀kẹ́, orúnkún náà á gbàgbé pé àwọn ń ṣàìsàn. Ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ló máa ń kọjá lójoojúmọ́, tó ń lọ sí òdìkejì afárá níbi tí Sylvi àbúrò rẹ̀ ń gbé. Ojú Sylvi ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Irja ló ń po kọfí fún un, tó ń gé búrẹ́dì dúdú, tó ń ka ìwé ìròyìn sí i létí, tí wọ́n á sì jọ bá ara wọn jà lórí ohun tí wọ́n bá kà. Kò sí bọ́ọ̀sì tó lọ tààrà láti ilé ẹ̀gbọ́n sí ilé àbúrò. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ẹsẹ̀ Irja, òun náà ló sì jẹ́ kí Sylvi ṣì máa gbé inú ilé ara rẹ̀.

Ní àárín oṣù kìíní, Jalmari Siurua, ọ̀gá Tauri níbi iṣẹ́, wá bá a níbi tó ti ń da epo sí katakata. Ọ̀gá ni Jalmari lóòótọ́, ṣùgbọ́n Tauri fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́la o. Ogójì èèyàn, láti ìlú mẹ́jọ. Ọ̀nà yín ni wọ́n fẹ́ wá wò."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Ṣé ojú ń tì mí ni?"

"Mo mọ̀. Àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ yẹn... Fọ́tò ni wọ́n máa yà, òkúta sì máa ń jẹ́ kí ọ̀nà dọ̀tí lójú fọ́tò."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n dà síbẹ̀? Ṣúgà?"

Jalmari rẹ́rìn-ín. "Ẹ kàn fi sílẹ̀ báyìí, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bọ̀. Tí wọ́n bá ti kọjá, ẹ wá dà á bó ṣe wù yín."

Ká má parọ́ mọ́ Jalmari, ọ̀rọ̀ òkúta nìkan ló sọ. Kò dárúkọ abẹ. Tauri fúnra rẹ̀ ló padà sẹ́yìn ilé iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, tó tú abẹ eléyín, tó sì de abẹ pẹlẹbẹ mọ́ ọn dípò, torí ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ń rí ogójì èèyàn nínú ọkàn rẹ̀, wọ́n ń ya ọ̀nà rẹ̀, ó sì rò ó pé ìlà tí eyín máa ń fà yẹn máa rí jágbajàgba. Ọkùnrin tó ti fi ọdún méjìlélógún ṣàlàyé eyín fún gbogbo ìlú! Ìgbéraga ni. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ojú yìnyín ti yọ́, omi ti dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, otútù padà dé, ó sì mú burúkú. Ohun tó yẹ ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn fi eyín ya ojú omi dídì náà, kó wá da òkúta sí i láìṣahun. Kò sí ohun tí Tauri mọ̀ láyé tó mọ̀ ju èyí lọ.

Dípò bẹ́ẹ̀, ní ìdájí, ó fi abẹ pẹlẹbẹ fá ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ó dára lójú o. Ó funfun débi pé ó fẹ́ dà bí búlúù, ó ń dán gbinrin, iná òpó sì ń hàn nínú rẹ̀ bí ẹni pé jígí ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Tauri sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó tiẹ̀ ń dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ló ṣì wà tí iná kẹ̀kẹ́ Irja fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú eré tó máa ń sá lójoojúmọ́, kò yára, kò falẹ̀. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yà sọ́wọ́ òsì kó tó kan afárá, iná náà sì ré lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ń tàn sí ojú ọ̀run.

Tauri sáré. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tó sì ṣubú lẹ́ẹ̀kejì ni ohun tó ṣe wá hàn sí i kedere.

"Ta nìyẹn?" Irja dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tauri, ṣé ìwọ ni? Má bínú o. Wo bí o ṣe tún ọ̀nà ṣe tó, èmi wá fi ara mi bà á jẹ́."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, Màmá. Ibo ló ń dùn yín?"

"Ọwọ́. Ojú tún ń tì mí."

"Ojú ń tì yín kẹ̀? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀." Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì pe ọkọ̀ aláìsàn. Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ́, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan sì ti dúdú.

Bí wọ́n ṣe gbé e lọ tán báyìí, Tauri gun katakata, ó da òkúta sí gbogbo ọ̀nà náà, kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò dé ní aago mẹ́sàn-án, Jalmari wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí la jọ sọ?"

"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi," ni Tauri wí.

Àṣé òkúta gan-an ni àwọn àlejò ń wá. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ya òkúta náà ní fọ́tò, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ àti ìgbà tí wọ́n ń gbá a kúrò. Kò sẹ́ni tó béèrè nípa abẹ. Kò sẹ́ni tó béèrè nípa obìnrin àgbàlagbà kan.

Lọ́jọ́ kejì, Tauri ra búrẹ́dì dídùn, ó lọ kí i ní ilé ìwòsàn. Ó ti pinnu ohun tó máa sọ. Ó ti há a sórí nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n Irja kò jẹ́ kó jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́.

"Ọlọ́run ló fi ẹ́ síbẹ̀. Ká ní o ò sí níbẹ̀ ńkọ́? Ǹ bá ti gan síbẹ̀ bí ẹja."

"Màmá, ọ̀nà yẹn..."

"Kí ló ṣe ọ̀nà? Ọ̀nà mọ́ bí àwo! Mo rí i láti òkèèrè, mo ní, ẹ wo iṣẹ́ Tauri lónìí. Èmi ni o jàre. Àgbà ti dé. Ìyànà tí mo ti ń yà láti bí ogún ọdún, ara mi ò mọ̀ ọ́n yà mọ́." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. "Marketta ọmọ mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá pè láti Helsinki ló ń sọ pé, Màmi, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo máa ń bú u. Àṣé òun ló rí i, èmi ni mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Tauri. Ó ti là á. Ni nọ́ọ̀sì bá wọlé láti wá wo ọwọ́ aláìsàn, Tauri sì pa ẹnu dé, ó dìde, ó ní òun máa padà wá. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: kì í ṣe nọ́ọ̀sì yẹn ló dí i lọ́wọ́. Òun ló rí nọ́ọ̀sì fi ṣe àwáwí, inú rẹ̀ sì dùn pé ó wọlé.

Kò padà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti dá abẹ eléyín padà, ó sì ń da òkúta bí ẹni tó fẹ́ fi kọ́lé. Ó ń bá ara rẹ̀ rojọ́ láti ìdí katakata. Ó ní kí ni àǹfààní kéèyàn lọ da ọkàn aláìsàn láàmú? Ó ní Jalmari ló ní kí òun má da òkúta. Ó ní òun ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí wọ́n bá gba ọ̀nà yìí lọ́wọ́ òun, ta ló máa fún òun ní òmíràn? Ó tún ní obìnrin náà kúkú ti dàgbà, kẹ̀kẹ́ gígùn gbọ́dọ̀ dópin lọ́jọ́ kan. Ẹjọ́ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí aago bá ti di méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, ojú rẹ̀ á lọ sí ìyànà yẹn fúnra rẹ̀, kò sì ní rí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún lẹ́yìn ìṣubú náà, ó rí i. Irja jókòó ní ibùdókọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ wà nínú ẹ̀wù, àpò kékeré kan wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀pá kan fara ti bẹ́ǹṣì. Tauri pa iná katakata, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ibo lẹ ń lọ?"

"Ìlú Kemi. Mò ń lọ wo Sylvi."

"Kemi kẹ̀? Kí ni Sylvi ń wá ní Kemi?"

"O ò gbọ́? Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ta ló fẹ́ máa po kọfí fún un? Kò sí àyè ní ìlú níbí, Kemi ni wọ́n ti rí i." Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni agbára mi ká. Ó ní wọ́n ń tan rédíò sí òun létí láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tí òun lè bá jà."

"Kẹ̀kẹ́ yín ńkọ́?"

"Mo ti fi tọrẹ. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ó gbé ojú sókè sí i. "Ẹ̀rù ń bà mí, Tauri. Tí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, màá dúró, màá máa wo ẹsẹ̀ mi bí ẹsẹ̀ àlejò. Tí ọdún Àjíǹde bá dé, èmi náà máa kó lọ sọ́dọ̀ Marketta. Mo ti fọwọ́ sí i."

Tauri kò jókòó. Ó ṣí fìlà rẹ̀, otútù sì ń jẹ ẹ́ létí.

"Màmá, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín."

"Hẹn?"

"Abẹ pẹlẹbẹ ni mo lò lọ́jọ́ yẹn."

Irja ti ń wo katakata rẹ̀ láti ọdún gbọ́n-ọn-gbọ́n. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

"Lẹ́yìn tí yìnyín ti yọ́ lánàá rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òkúta ńkọ́?"

"Mi ò dà á. Àwọn àlejò ń bọ̀ wá ya fọ́tò. Mo fẹ́ kó rẹwà."

"Kó rẹwà." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. "Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o lè dúró lórí rẹ̀?"

"Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Irja. Ó rẹ́rìn-ín tó fi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń dùn ún mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Lẹ́ẹ̀mejì! Lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ! Mo gbọ́ pàkà, mo rò pé mọ́tò ló ń bọ̀!" Tauri náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí i pé omi ojú náà ṣì ń bọ́, ẹ̀rín ti tán.

"Èmi kọ́," ni Irja wí. Ó fi ọwọ́ tó sàn gbá itan rẹ̀ pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Kì í ṣe èmi."

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Kò sẹ́ni tó lè dúró níbẹ̀. Ẹ dárí jì mí, Màmá."

Bọ́ọ̀sì Kemi ti ń yọ. Irja mú ọ̀pá, ó dìde, kò gbà kí Tauri ran òun lọ́wọ́.

"Ìṣubú yẹn, mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́. Yìnyín ni, ta ni yìnyín kì í gbé ṣubú? Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kẹtàlélógún lónìí. O wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, o gbé búrẹ́dì wá, o jókòó, mò ń bú ẹsẹ̀ mi lójú ẹ, o sì jẹ́ kí n máa bú u. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ká ní o ti sọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, mi ò ní gbà kí wọ́n gbé Sylvi kúrò nílé rẹ̀." Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣí. "Ọjọ́ mẹ́tàlélógún yẹn ni mi ò mọ bí mo ṣe máa dárí ẹ̀ jì ọ́, Tauri. Màá gbìyànjú. Mi ò ṣèlérí."

Ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sì wẹ̀yìn.

Tauri kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà ní ọjọ́ náà gan-an. Ó kọ abẹ tó lò, ó kọ òkúta tí kò dà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan sí i. Jalmari gbọ́, ó sáré wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló bi yín? Ẹ sọ fún mi, ta ló bi yín léèrè?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí," ni Tauri wí. "Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn."

Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Wọ́n ní kó máa ṣe é lọ títí yìnyín ọdún náà á fi tán, lẹ́yìn náà àwọn máa wò ó bóyá ọ̀nà náà ṣì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó bá iṣẹ́ lọ, kò sì ṣàlàyé eyín fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Oṣù kejì kọjá. Ní agbedeméjì oṣù kẹta, yìnyín rọ̀ ní gbogbo òru, ó ga tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Tauri dé ibi iṣẹ́ kí aago mẹ́fà tó lù, kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Ó tan iná katakata sí ojú ọ̀nà, ó sì tẹ bíréèkì.

Ipa taya kẹ̀kẹ́ kan ti wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo, nínú yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó, ó ń lọ tààrà.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa náà ní ọ̀tún àti ní òsì, ihò kéékèèké pọ̀ lọ jàra, ojú ìṣó. Taya oníṣó ni, irú èyí tí àwọn kan ń lò nígbà òtútù. Irja kò lò ó rí láyé rẹ̀. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ohun tó máa ń sọ tí wọ́n bá ní kó rà á. Á ní taya oníṣó wà fún ẹni tí kò mọ ẹni tó ń tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, òun sì mọ tòun.

Tauri fẹ́ gbà pé ẹlòmíràn ni. Ó wakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa náà, ó gbé abẹ sókè kó má bàa pa á rẹ́. Ó dé ìyànà. Ipa náà jinlẹ̀ díẹ̀ sí i níbẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó gùn ún dín eré kù, ó wá yà sọ́wọ́ òsì, kò gbọ̀n, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gun afárá. Ó sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, ó sì wọ àgbàlá ilé tí Sylvi ń gbé kí wọ́n tó gbé e lọ sí Kemi. Kẹ̀kẹ́ kan fara ti ògiri, aláwọ̀ ewé, Tauri kò rí i rí. Iná wà ní fèrèsé ilé ìdáná, fèrèsé náà ṣí díẹ̀, ohùn obìnrin méjì sì ń jáde láti inú rẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà. Sylvi ti padà wálé.

Ó dúró gbọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ ìdùnnú náà tí kò lè lé lọ. Kó tó di aago mẹ́fà, láàárín òkùnkùn, nínú yìnyín tó ga tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ti yàn láti dá lọ, dípò kó dúró de òun.

Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. Ó sọ abẹ eléyín kalẹ̀, ó kó yìnyín náà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ó fara balẹ̀ níbi ìyànà, ó da òkúta sí i bó ṣe yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é fún ti kọjá lọ.